Ìlà Pupa Lára Ọkọ̀ Ìyé

Mo ti hùwà òmùgọ̀ rí láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ọ̀dà pupa hù ni ojú ṣì ń tì mí fún jù. Mo fa ìlà sára ọkọ̀ Ìyé, níbi tí omi dé nígbà tí mo jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo tún wọ ọkọ̀ náà, mo rí i pé ìlà ti yọ sókè omi. Mo bá pariwo fún gbogbo ẹsẹ̀ omi wa pé mo ti fúyẹ́. Mo gbé fóònù, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ní kó máa retí mi ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi se ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo ojú omi títí oòrùn fi wọ̀. Èmi ọ̀gbẹ́ni ò dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ìyé ni a ń pe ìyá lọ́dọ̀ tiwa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí ni Ìyé fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún, ọkọ̀ kékeré tí a fi odindi igi gbẹ́, tí ẹnìkan lè fi àjẹ̀ wà. Ọ̀dọ̀ mi ló wà nítorí pé èmi ni mò ń fi í lọ kí ẹ̀gbọ́n. Inú omi tóóró kan tó yà kúrò lára odò ńlá ni ilé rẹ̀ wà. Ọkọ̀ ẹ̀rọ kì í wọ ibẹ̀, koríko ojú omi á lọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀ kí ó tó rìn jìnnà. Àfi kí o fi ọwọ́ ara rẹ wa ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà, kì í jáde mọ́. Òun nìkan ló sì kù láyé yìí tó lè pè mí ní ọmọdé.

Èmi ń gbé ní apá etí òkun, a kò jìnnà púpọ̀ sí Ayétòrò. Òkun ti jẹ ibi tí mo kọ́kọ́ kọ́lé sí. Àwọn tí a jọ ń jókòó níta ní ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn kó lọ sí Ìgbókòdá, ẹlòmíràn tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìgboro. Ìyàwó mi kú láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Mo ta àwọ̀n mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo bẹntiróòlù fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ náà kò ju kí n jókòó sórí àga, kí n na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sanra. Nígbà tí ìyàwó mi wà, ojú rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti jẹun tó. Nígbà tí kò sí mọ́, ìkòkò ni mò ń wò, mi ò sì jẹ́ dúró títí n ó fi rí ìdí rẹ̀. Púpúrú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, láàárọ̀, púpúrú lọ́sàn-án, búrẹ́dì lálẹ́ pẹ̀lú sadín-ìn. Àwọn ènìyàn ń yìn mí. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ kò mú mi rù. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú mi. Mo gbà fún wọn. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n rò pé òun rí ìtọ́jú?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ Ìyé, mo gbé èkejì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ fì sí apá kan, omi sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nínú omi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá òpó ilé mi mọ́ra, mò ń ké.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!"

Ìyá kan wà tó ń yan edé ní ilé tó kọjú sí tèmi. Ó yọ orí láti inú èéfín rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde dúró."

"Ẹ gbà mí!"

"Mo ní kí ẹ dìde dúró, Bàbá!"

Mo dìde dúró. Omi náà kò kọjá ìdodo mi.

Èmi, ọmọ Ìlàjẹ, tí wọ́n bí sórí omi, tí mo mọ omi wẹ̀ kí n tó mọ A, B, D, èmi ni mo ń ké gbà-mí-gbà-mí nínú omi ìdodo. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí edé fi jóná lórí ààrò. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọkọ̀ kékeré ti wọ̀ mí lára. Mo lè wọ ọkọ̀ ẹ̀rọ ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ á kọ́kọ́ wò mí, á wo ọkọ̀, á ní, "Bàbá, àárín gbùngbùn ni kí ẹ jókòó sí o, ẹ má mira." Àmọ́ ọkọ̀ ẹ̀rọ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè bẹ ẹnìkan kó wà mí lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé mi kọjá níwájú ilé gbogbo ènìyàn bí àpò iyọ̀ ni mi ò lè fara dà. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé orúnkún ló ń dùn mí. Ó ń dùn mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrora kọ́ ló dá mi dúró.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa. Nọ́ọ̀sì fi rọ́bà di apá mi, ó wo ẹ̀rọ, ó fa ojú ro.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ ní láti fúyẹ́. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ sì máa rìn."

"Kí n rìn lọ síbo? Ṣebí omi ni gbogbo rẹ̀."

"Afárá pákó yín ńkọ́? Ẹ rìn lọ dé òpin, kí ẹ rìn padà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù kan o, Bàbá. Ó máa pẹ́."

Mo ní kó wọ̀n mí kí n mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tó wà níbẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ irin rẹ̀. Bí o gun orí rẹ̀, bí o sọ̀ kalẹ̀, ibì kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ronú kan ọkọ̀ Ìyé.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í béèrè ohun tó wà nínú ọkọ̀ tó ń kọjá. A kàn ń wo bí ó ti wọlẹ̀ sínú omi tó. Ẹni tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ á wo ọkọ̀ ìyá kan tó ń bọ̀ láti ọjà, á ní, "Ìyá yìí tà lónìí," tàbí á ní, "Háà, ó tún ń gbé e padà." Mo rò ó pé bí ọkọ̀ bá lè sọ ìwúwo iyọ̀ àti gàrí, ó lè sọ tèmi. Mo so ọkọ̀ náà mọ́ òpó níwájú àti lẹ́yìn bí àgbò iléyá, mo wọ inú rẹ̀, mo di òpó mú. Mo wá rọra na ọwọ́ kan sísàlẹ̀, mo fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí omi dé. Mo sọ fún ara mi pé bí ìlà yẹn bá yọ sókè omi tó ìbú ọwọ́ kan, mo ti di ẹni tó lè wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo dín púpúrú sí ìdajì. Mo ń rìn lórí afárá láràárọ̀, láti ilé mi dé ibi tí òkun ti fa pákó ya, kí n tún yí padà. Ẹni tó ń rìn lórí afárá wa ń lọ síbì kan ni. Ẹni tó bá lọ tí ó bọ̀, tí ó tún lọ, wọ́n á rò pé nǹkan rẹ̀ ló já bọ́ sómi.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Mi ò wá nǹkan kan."

"Kí wá lẹ ń rìn sí?"

Mo kàn ń rìn lọ. Kí n ní mò ń rìn kí n lè fúyẹ́? Nígbà tó yá mo ń sọ fún wọn pé òrùka mi ló bọ́. Ó sàn kí wọ́n bá mi wá òrùka ju kí wọ́n wo ikùn mi.

Nígbà tí ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú, mo rò pé ẹnìkan á yìn mí. Ìyá tó ń yan edé ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja wá, ó sì di púpúrú sínú ọ̀rá, èyí tó tó jẹ fún ilé kan.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Àárẹ̀ wo ló ń ṣe yín?"

"Kò sí àárẹ̀ kankan. Mo dín oúnjẹ kù ni."

"Nítorí kí ni? Ṣé ẹnìkan ṣẹ̀ yín ni? Ọrùn yín ti yọ. Ẹ jẹun o, Bàbá. A ò tíì múra tán láti sunkún."

Ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Oore ni ó ń ṣe. Bó ṣe ń lọ, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi okùn wọ́ padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́ náà pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Ó pariwo. "Bọ̀ọ̀dá! Kí ló mú yín rù báyìí? Ṣé owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kì í tó ni?" Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti pè, mo máa ń fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kí n tó gbé e.

Ebi kọ́ ló nira jù. Ebi á wá, á jókòó díẹ̀, á lọ. Ohun tó nira ni pé kò sí ẹni tí mo lè fi ara mi hàn. Bí mo bá gbìyànjú, èmi nìkan ló mọ̀. Bí mo bá jẹ odindi búrẹ́dì, èmi nìkan náà ni. Mo wá ń bá ìlà pupa yẹn sọ̀rọ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi láàárọ̀, màá ní, "Ẹ kú àárọ̀ o. Báwo la ti wà?" Ìlà kì í fèsì, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró dè mí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọkọ̀ Ìyé ń jò. Mo ní kí wọ́n bá mi fà á gun ilẹ̀ kí n dí ihò rẹ̀. Mo dí i tán, mi ò tètè dá a padà sómi. Ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn ń mú. Ọjọ́ tí a tì í padà, mo wọ inú rẹ̀, mo wo ìlà. Ó ti yọ sókè, ó ń dán bí ètè ọmọge! Ìgbà yẹn ni mo pariwo. Ìgbà yẹn ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Mò ń bọ̀ ní Sátidé!"

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ti san!"

"Háà, Ọlọ́run ṣeun. N ó se ọbẹ̀ márúgbó fún ọ."

Kí Sátidé tó pé, mo ń yọjú wo ìlà náà lójoojúmọ́, mo ń wọ ọkọ̀ kí n lè gbádùn ara mi. Ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Mi ò jẹ oúnjẹ alẹ́. Ó tún sọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo múra, mo wọ fìlà, mo ti ẹsẹ̀ bọ ọkọ̀. Omi ti bo ìlà mọ́lẹ̀. Mo ṣí fìlà mi. Mo padà sórí àga mi. Ibẹ̀ ni mo ti wá rántí ohun tí ọmọdé gbogbo mọ̀ létí omi: igi tó bá gbẹ á fúyẹ́, bó bá padà sómi, á mu omi, á tún wúwo. Ọkọ̀ ló rù. Bóyá èmi náà rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló rù jù nínú wa.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ kejì. Mo ní ìjì ni kò jẹ́ kí n wá.

"Ìjì? Oòrùn ló ń pa mí níhìn-ín látàárọ̀ àná."

"Apá tiwa ni ìjì náà wà."

"Ó dára," ló wí. "Ọbẹ̀ náà ti kan." Ó sì pa fóònù.

Mo mú ọ̀bẹ, mo ha ọ̀dà náà kúrò. Òjò bẹ̀rẹ̀, mo pa afárá tì. Mo padà sídìí búrẹ́dì, èmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan nínú ilé, òjò lórí páànù. Ọjọ́ kan àga mi ya lábẹ́ mi, mo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo tún dáwọ́ dúró. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ọdún náà ṣe lọ. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló ń mú mi tún bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀, àfi pé ojú mi máa ń lọ síbi tí omi tóóró yẹn ti yà, mo sì máa ń rò ó pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀.

Lẹ́yìn òjò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè láti Àkúrẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò rí Màmá bá sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Fóònù wọn kò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọjú sí wọn."

Mo pe nọ́ńbà náà. Kò lọ. Mo jáde láti wá ẹni tó máa wà mí lọ. Ọjọ́ ọjà ni. Gbogbo ọkọ̀ ti lọ, ìyá tó ń yan edé pàápàá ti lọ. Ọkọ̀ Ìyé nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ omi, ó ń wò mí.

Mo wo ọkọ̀, mo wo ara mi. Mo wọlé lọ kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́rin tí mo fi ń ta epo, mo dé ọmọrí wọn pinpin, mo fi okùn so wọ́n mọ́ ìbàdí: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ó kéré tán, n ó léfòó. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà ọkùnrin, ọmọ apẹja, ọmọ ọmọ apẹja, ṣe jókòó sáàárín ọkọ̀, tí kẹ́ẹ̀gì ń dún gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lára rẹ̀. Omi ń wọlé láti òkun, ó ń bá mi ti ọkọ̀ lọ. Mo wa àjẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fì, mo máa ń pe Ìyé.

Mo kọjá níwájú ilé bàbá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ilé nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó na ọrùn.

"Ṣé epo lẹ gbé ni?"

"Rárá o, Bàbá. Òfìfo ni."

"Kí wá lẹ gbé?"

"Mi ò gbé nǹkan kan."

"Ọkọ̀ yín mà wọlẹ̀ o, fún ẹni tí kò gbé nǹkan kan!"

"Ara mi ni mo gbé, Bàbá."

Ó rò ó wò. "Ẹ rọra," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ yẹn. Kò ṣàìsàn. Fóònù rẹ̀ ló já bọ́ sómi nígbà tó ń fọ abọ́, ó sì ti bò ó mọ́lẹ̀ sínú igbá gàrí kó lè gbẹ. Ó rí mi, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló so ọ́ báyìí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé? O fẹ́ ta ara rẹ ní gálọ́ọ̀nù-gálọ́ọ̀nù ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí omijé náà kúrò ní ti ẹ̀rín. Ó ní, "Ọmọ Ìyé! Ọmọ Ìyé!" Ó bá mi tú okùn.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: omi ìdodo, ìlà pupa, ìjì tí kò jà. Mo ní mo fẹ́ fúyẹ́ kí n tó wá ni.

"Mo mọ̀ pé kò sí ìjì," ló wí. "Ìjì wo ló máa jà lọ́dọ̀ rẹ tí kò ní dé ọ̀dọ̀ mi? Mo rò pé o ti rí mi sú ni."

Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó gbé oúnjẹ wá. Mo jẹ òkèlè mélòó kan, mo gbé ojú sókè. Ó ń wo ọwọ́ mi, bó ti ń wò ó nígbà tí a jọ ń jẹ nínú abọ́ Ìyé, kí n má baà jẹ ẹja tirẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti jẹun tó. Mo ṣan ọwọ́.

Mo ṣì sanra o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Búrẹ́dì ṣì ń pè mí lálẹ́, nígbà mìíràn mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn mi ò fa ìlà kankan sára ọkọ̀ mọ́, mi ò sì rìn lórí afárá bí ẹni tó ń wá òrùka. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ nígbà tí omi ń fà padà ló parí ìyẹn. Mo ti wọ ọkọ̀, òun ló ń bá mi so kẹ́ẹ̀gì padà mọ́ ìbàdí, ó ń fa okùn náà le bí ẹni tó ń di ọmọ sẹ́yìn.

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń wọn àlejò kó tó wọlé?" ló wí. "Bí omi bá ti ń wọlé, máa wá. Bí ó bá ti ń fà, máa lọ. Bí o bá ń wa ọkọ̀ lọ, tí o ń wà á bọ̀, ara náà á gbọ́, á fúyẹ́ fúnra rẹ̀. So kẹ́ẹ̀gì rẹ mọ́ra bó bá ṣe wù ọ́, mi ò ní sọ fún ẹnìkankan. Ọjọ́ tí o bá rí i pé o kò nílò ọ̀kan mọ́, fọ òórùn epo kúrò nínú rẹ̀, kí o fi í sílẹ̀ níbí fún mi. Èyí tí mo fi ń gbe omi òjò ti ń jò."